Ikú àwọn ẹlẹ́dẹ̀ wa ní ọdún 2020

Ẹlẹ́dẹ̀ ni mo ń sìn ní agbègbè Òkè-Àrò, níbi tí ìpínlẹ̀ Èkó àti Ògùn ti pààlà, nítorí náà, bí mo ṣe ń rí i tí àwọn ènìyàn ń bèèrè ohun tó ń mú kí ẹran ọ̀sìn ṣàdédé kú, n kò lè ṣe kí n má dá sí i. Ní ọdún 2020, nígbà tí ìjọba ní kí oníkálukú jókòó sílé nítorí kòrónà, àwọn ẹlẹ́dẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú láti ilé ẹran kan dé òmíràn. Èyí tó jẹun yó lálẹ́ yóò kọ oúnjẹ láàárọ̀, ara rẹ̀ yóò gbóná, etí àti abẹ́ ikùn rẹ̀ yóò pọ́n kọjá ààlà, oyún yóò sì bàjẹ́ lára èyí tó lóyún.

Kò sí ohun tí a kò fura sí. Àwọn kan ní òjò àti oòrùn ọdún náà kò ṣe bí ti àtẹ̀yìnwá. Àwọn kan ní ọ̀pó 5G, ìyẹn ọ̀pó ìbánisọ̀rọ̀ fóònù ìgbàlódé, ló tú májèlé sáfẹ́fẹ́ (òun náà ni wọ́n kúkú ní ó fa kòrónà). Àwọn mìíràn sì di ẹ̀bi ru ẹni tó ń ta oúnjẹ ẹran fún wa. Èmi kò bá wọn lọ, nítorí ewúrẹ́ aládùúgbò mi ń mu omi kànga kan náà, ó ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́ kan náà, kò sì sí ohun tó ṣe é. Májèlé wo ló ń ṣa ẹlẹ́dẹ̀ nìkan pa?

Dókítà ẹran ló là wá lóye pé ibà ẹlẹ́dẹ̀ ti ilẹ̀ Áfíríkà ni, èyí tó wọ Nàìjíríà ní ọdún 1997, lọ́dún kan náà tó jà ní orílẹ̀-èdè Benin. Kì í mú ènìyàn, kò sì ní oògùn. Ẹ̀jẹ̀, ẹran, bàtà, ọkọ̀ àti ajẹkù oúnjẹ ló ń gbé e kiri.

Ibẹ̀ gan-an ló yẹ ká fura sí. Bí ẹran bá ti ń rọ jọwọrọ, alápatà ti dé láti rà á lówó pọ́ọ́kú, ẹ̀jẹ̀ ilé ẹran tó ti ń bọ̀ ṣì ń kán lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ló sì ń lọ tààrà. N kò lè bú ẹni tó tà á, torí gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹran tó ti kú kí ọ̀bẹ tó kàn án kò yẹ kó wọ ìkòkò ẹnikẹ́ni, ajẹkù rẹ̀ tí wọ́n bá sì dà fún ẹlẹ́dẹ̀ níbòmíràn yóò tún gbé àrùn náà débẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹran yín kú lọ́dún yẹn, ṣé alápatà kankan kò wọ ọgbà yín ṣáájú?