Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kíá: dróònù wo ló lè gbé ìwọ̀ kọjá ìgbì?

Ẹlẹ́ja_Tuntun
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Bọ̀dá mi tó wà ní Houston ń bọ̀ wálé lọ́jọ́ Friday, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí tán báyìí ni, wọ́n ní kí n sọ dróònù tí mo fẹ́ kí àwọn bá mi rà kó tó di alẹ́ òní. Etí òkun ni mo ti ń pẹja, mo ju ìwọ̀ títí ejìká fi ń dùn mí, kì í kọjá ibi tí ìgbì ti ń fọ́, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn ibẹ̀ gan-an ni ẹja kúta wà. Mo fẹ́ èyí tó máa gbé ìwọ̀ àti ìjẹ lọ sọ síbẹ̀. Èwo ló dáa? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ tètè dá mi lóhùn.

Bàbá_Àpò
Àbúrò, dúró ná. Ìlàṣẹ lo wà ni àbí Àgbádárìgì àbí apá Ìbẹ̀jú? Èló ló wà nílẹ̀? Ríìlì wo lo ní, okùn tó wà lórí ẹ̀ ń kọ́? Tó bá jẹ́ ríìlì kékeré tá a fi ń pa ẹja ọ̀sà ni, dróònù ò ní tíì dé ibi tó ń lọ tí okùn á fi tán.

Kúta_Lagos
SwellPro Fisherman. Má ra òmíràn. Torí ẹja pípa ni wọ́n ṣe ṣe é, omi ò wọnú ẹ̀, tó bá já sómi á léfòó, ó sì lè gbé tó kílò 2. Àwọn DJI táwọn oníkámẹ́rà fi ń ya ìgbéyàwó yẹn, wọn ò ṣe é fún omi. Pàápàá jù lọ Mini, gíráàmù 249 péré ni gbogbo ara ẹ̀, òjé kan ṣoṣo tá a fi ń mú ìwọ̀ dúró nínú ìgbì wa yìí lè tó gíráàmù 150, o ò tíì so ẹja ìjẹ mọ́ ọn o.

Ṣẹ́gun_Etíkun
Ẹ dákun ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi kí ọmọ yìí tó náwó. Mavic 2 ti DJI ni mo rà lọ́wọ́ ẹnì kan, owó àjọ oṣù mẹ́jọ ni. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló bá mi ṣiṣẹ́ dáadáa, mo fi pa ẹja àpò kan tó jẹ́ pé ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbé e. Ìgbà karùn-ún, December ni, ọyẹ́ ti bo ojú òkun, oòrùn ti ń wọ̀, mo so odidi ṣawá kan mọ́ ìwọ̀ mo ní kó máa lọ. Ó ti lọ tó mítà 280 nígbà tí okùn orí ríìlì há mọ́ra wọn, mo kàn rí i tí okùn le gbandi, ọ̀pá tẹ̀, ohùn dróònù yẹn yí padà, ó wá ń ké bí ẹ̀fọn tí wọ́n dé mọ́ inú ìgò, rìmóòtù ń pariwo lọ́wọ́ mi, mi ò mọ èyí tí mo máa tẹ̀. Ó dojú dé, ó wọ omi. Kílíìpù tó so ìwọ̀ mọ́ ìdí ẹ̀ ò já, ìyẹn ni mo fi rí i fà padà, nígbà tó fi máa dé etí omi yanrìn ti kún ojú kámẹ́rà ẹ̀, ibi tí bátìrì ti wọlé ń hó wàìwàì. Mo gbé e fún ẹnì kan tó ń tún un ṣe, ó gbowó, oṣù mẹ́rin rèé, kì í gbé fóònù mi mọ́. Ìyàwó mi ò tíì béèrè owó àjọ yẹn lọ́wọ́ mi, ó kàn máa ń wò mí ni.

Má rà á, àbúrò mi. Fowó ẹ ṣe nǹkan míì.

Àyọ̀_Ẹ̀pẹ́
Háà! Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Ọlọ́run á fi èyí tó jù ú lọ rọ́pò. Èmi náà ti ń tọ́jú owó láti ra ọ̀kan, mo ti jáwọ́ báyìí.

Wálé_Ọ̀pá
Ẹ kú àdánù ẹ̀gbọ́n. Oṣù mẹ́rin, ẹni yẹn ti tà á nìyẹn o. Ẹ lọ bá a níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, ẹ mú ẹnì kan tó dàgbà dání.

Kúta_Lagos
Mo bá yín kẹ́dùn ẹ̀gbọ́n Ṣẹ́gun, àmọ́ ká sòótọ́, ẹjọ́ dróònù kọ́ nìyẹn, okùn ló há. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù ba ọmọ yìí lásán.

Ṣẹ́gun_Etíkun
Lásán kẹ̀? Nǹkan tí okùn lásán-làsàn lè fà lulẹ̀, ṣé nǹkan téèyàn máa fi owó àjọ rà nìyẹn?

Bàbá_Àpò
Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ fara balẹ̀. Okùn braid, ìyẹn okùn tín-ín-rín tí wọ́n hun, tí wọ́n bá wé e láìfà á le máa ń rì sínú ara ẹ̀ lórí ríìlì. Tí ẹja bá ti fà á lẹ́ẹ̀kan, ìpele òkè á gé wọ ìsàlẹ̀, ọjọ́ tó o bá wá fẹ́ kó máa yọ́ jáde, á há ni. Torí ẹ̀, kéèyàn tó fi dróònù fa okùn rárá, ẹnì kan á di okùn mú pẹ̀lú àkísà tútù, ẹnì kejì á máa wé e, títí á fi le bí òwú ìlù. Èkejì, ẹni tó ń darí dróònù ò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó di ọ̀pá mú. Èèyàn méjì ni iṣẹ́ yẹn. Ṣẹ́gun, ṣé ìwọ nìkan lo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn?

Ṣẹ́gun_Etíkun
Èmi nìkan ni sà. Mo fi ọ̀pá gúnlẹ̀.

Bàbá_Àpò
Ẹ̀n. Ibẹ̀ ló ti ṣẹlẹ̀.

Ìyá_Kòtò_Àrọ̀
Ẹ káàsán o. Ṣé dróònù yìí lè bá mi da oúnjẹ sí kòtò ẹja? Mẹ́fà ni mo ní ní Ìkòròdú, ọmọ tó ń bá mi ṣe é ti lọ.

Wálé_Ọ̀pá
Màmá, ẹ má ná owó yín síbẹ̀. Ẹja àrọ̀, ojú la fi ń bọ́ ọ. Tí ẹ bá da díẹ̀ tí wọn ò sáré wá sókè omi, omi ti bàjẹ́ nìyẹn tàbí wọ́n ti yó, ẹ dúró. Dróònù á kàn máa dà á ni.

Ìyá_Kòtò_Àrọ̀
Ẹ ṣé ọmọ mi. Òótọ́ lẹ sọ, lóṣù tó kọjá gan-an wọn ò wá sókè, omi ti ń rùn.

Adé_Durban
Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, torí wọ́n ti ṣe é gan-an níbi tí mo ń gbé. Níbí ní South Africa, February 2022 ni ìjọba kéde pé kò bófin mu kéèyàn fi dróònù gbé ìjẹ lọ sínú òkun, ọkọ̀ kékeré onírìmóòtù àti ríìlì oníná wà nínú ẹ̀. Òfin ẹja wọn ti 1998 ni wọ́n tọ́ka sí, pé fífi ọ̀pá, ríìlì àti okùn tí ọwọ́ èèyàn ń wé pẹja ni wọ́n ń pè ní ìwọ̀ jíjù. Àwọn tó ń tà á gbé e lọ sí kóòtù gíga ní Pretoria, ẹjọ́ dá wọn lẹ́bi. Bẹ́ẹ̀ níbí náà ni wọ́n ti ń ṣe Gannet, kílíìpù táwọn èèyàn ń so mọ́ ìdí Mavic yẹn. Èmi fúnra mi ti lò ó kí wọ́n tó dá a dúró, mo sì rí ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹ̀yìn ìgbì yẹn ni ẹja ńlá ti ń sinmi, ibẹ̀ ni ọwọ́ wa ò dé láti ọjọ́ pípẹ́, tí gbogbo wa bá wá ń dé ibẹ̀ lójoojúmọ́, ibo ni wọ́n máa sá sí?

Ọmọ_Ìlàjẹ
Ẹ̀gbọ́n Adé, ẹ má bínú, ẹja etí òkun wa kì í ṣe ìwọ̀ ló ń pa á tán. Trawler ni, àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń wọ́ àwọ̀n. Òfin ẹja òkun Nàìjíríà ti 1992 ní wọn ò gbọdọ̀ wọ máìlì òkun 5 àkọ́kọ́, pé tàwa apẹja kéékèèké ni, alẹ́ ni wọ́n ń wọlé. Bàbá mi gbé àwọ̀n sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó bá okùn tó ti já wẹ́lẹwẹ̀lẹ láàárọ̀. Ẹ wá ń sọ̀rọ̀ ẹnì kan tó gbé ìwọ̀ ẹyọ kan.

Adé_Durban
Mo gbà fún yín lórí ti trawler. Kò sọ pé tiwa ò kún un.

Ọmọ_Ìlàjẹ
Ó dáa. Àmọ́ àbúrò tó béèrè, kí ló dé tó ò wá ọlọ́kọ̀? Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó ń lọ dẹ àwọ̀n láàárọ̀ á gbé ìwọ̀ ẹ dání, á sọ ọ́ síbi tó mọ̀ pé ẹja wà, o kàn máa fún un ní nǹkan díẹ̀ tàbí ẹja kan tó o bá pa. Ọlọ́kọ̀ mọ ojú omi. Dróònù ò mọ̀ ọ́n.

Kílíárìn_Àpápá
Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ okùn, ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ ìwé. Kéèyàn tó gbé dróònù wọ Nàìjíríà, ó gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ tí wọ́n ń pè ní End User Certificate láti ọ́fíìsì National Security Adviser, NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú, náà sì ní ìwé tiwọn fún fífò ẹ̀. Kí bọ̀dá ẹ má gbé e wálé láìbéèrè. Kó rántí pé bátìrì lithium ò gbọdọ̀ wà nínú àpò tí wọ́n ń jù sísàlẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú, ọwọ́ ló máa gbé e, kó fi téèpù bo ẹnu ẹ̀. Má sì fò ó nítòsí bárékè tàbí ibi táwọn ọmọ ogun ojú omi wà, ojú amí ni wọ́n máa fi wò ẹ́.

Ẹlẹ́ja_Tuntun
Mo kí gbogbo yín o, ẹ má bínú pé mi ò tètè dáhùn, ibi iṣẹ́ ni mo wà. Ìlàṣẹ ni mo ti ń pẹja. Dọ́là 450 ni bọ̀dá mi ní àwọn lè ná. Ríìlì mi gba mítà 200, okùn náílọ́ọ̀nù ni.

Kúta_Lagos
Háà. Owó yẹn ò ra SwellPro o. Tó o bá ti sọ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ni.

Bàbá_Àpò
Ọ̀rọ̀ ti bùṣe nìyẹn. Ní kó bá ẹ ra ríìlì ńlá tó ń gba mítà 600 okùn braid tín-ín-rín, àti ọ̀pá etí òkun gidi, gígùn mítà 4. Owó á ṣẹ́kù. Tọ́jú ẹ̀ de dróònù ọdún tó ń bọ̀. Náílọ́ọ̀nù yẹn ki, atẹ́gùn á máa tẹ̀ ẹ́ bí aṣọ ìgbòkun, dróònù á máa fà á bí ẹni fa ẹran.

Wálé_Ọ̀pá
Mo fọwọ́ sí i. Ríìlì kọ́kọ́.

Ọmọ_Ìlàjẹ
Àbí ọlọ́kọ̀.

Ẹlẹ́ja_Tuntun
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ti rà á. Ọ̀rẹ́ bọ̀dá mi kan níbi iṣẹ́ wọn ló ń ta Mavic 2, bátìrì mẹ́ta, dọ́là 400, wọ́n ní àwọn ò lè jẹ́ kó lọ. Mo mọ̀ pé ohun tí ẹ sọ kọ́ nìyẹn. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ ìwé fún wọn, wọ́n ní àwọn á wádìí ẹ̀, tí kò bá tíì sí àṣẹ àwọn á fi sílẹ̀ ní Houston títí yóò fi jáde. Ẹ̀gbọ́n Ṣẹ́gun, ẹ dákun, ẹ̀yin lẹ ti lo irú ẹ̀. Kí ni kí n ṣe kó má bàa ṣe mí bó ṣe ṣe yín?

Ṣẹ́gun_Etíkun
Ó dáa, ó ti bọ́ sí ẹ lọ́wọ́, jẹ́ ká mú un báyìí.

Pa àwọn ojú (sensor) tó wà lábẹ́ dróònù nínú fóònù kó o tó gbé e. Ìjẹ tó ń fì lábẹ́ ẹ̀, ó máa rò pé ilẹ̀ ni, omi tó ń gbọ̀n náà máa ń dà á láàmú. Jẹ́ kí okùn tó so ìjẹ mọ́ kílíìpù gùn tó mítà 2 kó má bàa wé mọ́ abẹ́ rẹ̀. Má gbà kó fúnra ẹ̀ padà wálé nígbà tí ìwọ̀ ṣì wà lára ẹ̀, ṣe ló máa fa okùn gba orí ẹ. Wọ́n kọ ìṣẹ́jú 31 sára ẹ̀, ibi tí atẹ́gùn ò sí ni wọ́n ti ka ìyẹn, tí bátìrì bá ti dé ìdajì, sọ ìjẹ tó wà lára ẹ̀ kó o pe é wálé. Ní ọ̀sán, atẹ́gùn ń ti òkun bọ̀, á tì í wálé bó bá ń padà. Ní ìdájí, láti ilẹ̀ ló ń fẹ́ lọ sí òkun, má gbé e lásìkò yẹn, á lọ wẹ́rẹ́, àmọ́ pẹ̀lú ìjàkadì ló máa fi bọ̀. Tó o bá sì rí i pé okùn le, má wo ojú fóònù, tẹ bọ́tìnì kílíìpù lójú ẹsẹ̀, jẹ́ kí ìwọ̀ lọ. Ìwọ̀ kì í ṣe owó àjọ.

Kílíìpù tá a ń fi rìmóòtù ṣí ni kó o rà, kì í ṣe èyí tó dúró de kí okùn fà á. Èyí tó ń dúró de okùn yẹn ni mo lò.

Ẹlẹ́ja_Tuntun
Ẹ ṣé gan-an sà. Mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ta ló máa bá mi di ọ̀pá mú báyìí?

Ṣẹ́gun_Etíkun
Mo máa ń wà ní Ìlàṣẹ lọ́jọ́ Saturday. Tó bá ti wọlé, mú ríìlì ẹ bọ̀, kó o ra okùn braid sínú àpò, màá mú àkísà wá, a máa tún un wé kí ohunkóhun tó fò.