Èkúté ti sọ ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi di ilé, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyàwó Ilé, Òmù-Àrán

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí n sùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó wà ní Jámánì ní Sienna kan tó ń gbé inú gáréèjì ilé wa. Dìsẹ́ńbà sí Dìsẹ́ńbà ni wọ́n ń wá lò ó. Bí wọ́n bá ti padà, ọwọ́ wa ni kọ́kọ́rọ́ ń wà, ọkọ̀ náà á sì jókòó jẹ́ẹ́ títí ọdún á fi yí po. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkọ mi ní ká gbé e lọ sí Ìlọrin. Ó ta lóòótọ́, àmọ́ ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n jìgìjìgì, iná ẹ́ńjìnnì tàn níwájú awakọ̀, kò sì kú mọ́. A tan éésì, àfi gbì! òórùn ohun tó ti kú.

Nígbà tí ọkọ mi ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ìgbẹ́ èkúté ló kún orí bátìrì. Fóòmù abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ti di ìtẹ́. Ó tú ilé fílítà, ó bá àgbàdo tí wọ́n kó pamọ́ síbẹ̀. Wọ́n ti jẹ àwọn wáyà kan débi pé bàbà inú wọn hàn síta.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le ni pé inú gáréèjì kan náà ni Màmá, ìyá ọkọ mi, ń kó àgbàdo, ọkà bàbà àti èlùbọ́ wọn sí. Àpò ni gbogbo rẹ̀, orí ilẹ̀ lásán ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà gan-an. Ìyàwó ni mí nínú ilé, n kò lè la ẹnu kí n ní kí Màmá kó ẹrù wọn jáde nítorí ọkọ̀. Aládùúgbò wa kan ní kí n da oògùn èkúté sínú ẹ́ńjìnnì. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀? Kí ni mo lè ṣe kí Dìsẹ́ńbà tó dé?

Rẹ́wáyà, Táńkẹ̀, Ìlọrin

Àǹtí, ẹ kú ìdààmú. Ẹ kọ́kọ́ fi ọkọ̀ yẹn sílẹ̀, ẹ má ta á mọ́. Kí bọ̀dá yọ orí bátìrì dúdú, kí iná má bàa dé ara wáyà kankan. Bàbà tó ti hàn síta yẹn, bí méjì bá fẹnu kanra, tàbí tí ọ̀kan bá kan irin ara ọkọ̀, ó lè mú iná wá. Ìtẹ́ èkúté sì rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bébà, fóòmù, èèpo àgbàdo, gbogbo rẹ̀ ló gbẹ. Ọkọ̀ ń jóná lórí irú èyí.

Àwọn ènìyàn rò pé ebi ló ń mú kí èkúté jẹ wáyà. Eyín iwájú rẹ̀ ni kì í dẹ́kun híhù títí ó fi máa kú. Bí kò bá rí nǹkan gé, eyín yẹn á gùn débi tí kò ní lè jẹun mọ́. Rọ́bà ara wáyà ló wá wà nítòsí.

Gbígbọ̀n tí ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n, mo fura sí wáyà kọ́ìlì tàbí ti ínjẹ́kítọ̀, tí kò jẹ́ kí sílíńdà kan ṣiṣẹ́. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni kàn fi téèpù dúdú wé e kó ní ó parí. Kí wọ́n gé ibi tó bàjẹ́ kúrò, kí wọ́n fi wáyà tó nípọn bákan náà rọ́pò rẹ̀, kí wọ́n fi òjé jó o pọ̀, kí wọ́n wá fi rọ́bà tó ń fún mọ́ wáyà bí iná bá kàn án bò ó. Kí wọ́n yẹ páìpù epo wò pẹ̀lú, torí èkúté ń jẹ ìyẹn náà. Fílítà tí wọ́n bá ti lu, ẹ sọ ọ́ nù. Eruku tó bá gba ojú ihò náà wọlé, inú ẹ́ńjìnnì ló ń lọ.

Ní ti òórùn, fílítà éésì wà lẹ́yìn àpótí kékeré tó wà níwájú ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Ibẹ̀ àti fáànù rẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ tú.

Ìyá Ìbejì, Gáà-Akanbí

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ọ̀tapíàpíà ni mo máa ń wọ́n sí ìdí géètì mi. Ẹ rẹ ẹja gbígbẹ sínú rẹ̀, ẹ gbé e sórí ẹ́ńjìnnì lálẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, òkú lẹ ó máa kó.

Nọ́ọ̀sì, Ọ̀ffà

Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú sí mi, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ká má ṣe bẹ́ẹ̀. Gáréèjì tí oúnjẹ ilé wà nínú rẹ̀ kọ́ là ń da ọ̀tapíàpíà sí. Dichlorvos ló wà nínú rẹ̀. Kòkòrò ni wọ́n ṣe é fún, fífà á símú nìkan sì lè dá ènìyàn dùbúlẹ̀. Ìpalára rẹ̀ pọ̀ débi pé ní 2019, NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀, láti 100 ml wá sísàlẹ̀. Ọmọdé á fọwọ́ kan ẹja yẹn. Adìyẹ Màmá á ṣa á jẹ.

Oògùn èkúté tí wọ́n ń tà lọ́jà gan-an, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kì í pa á lójú ẹsẹ̀. Kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dì mọ́ ni, ó sì ń tó ọjọ́ mélòó kan kó tó kú. Ẹ ò lè yan ibi tó máa kú sí. Ó lè jẹ́ inú fáànù éésì yẹn náà, ẹ sì ti gbóòórùn ọ̀kan.

Èyí tó wà lọ́kàn mi jù ni ẹni tó máa kó ìgbẹ́ yẹn. Ẹ má fi ìgbálẹ̀ kàn án! Ẹ má fẹnu fẹ́ ẹ, ẹ má sì gbé e lọ bá fọkanáísà pé kó fi afẹ́fẹ́ táyà fẹ́ ẹ, torí mo mọ̀ pé ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe nìyẹn. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ló ń gbé ibà Lassa kiri, eruku rẹ̀ tí a bá sì fà símú lè kó o ranni. Ìlú Lassa ní Borno ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá a mọ̀ ní 1969, àmọ́ Oǹdó àti Ẹdó tí kò jìnnà sí wa wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó ń fojú winá rẹ̀ jù.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é rèé. Ẹ ṣí géètì àti gbogbo ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí gbogbo yín sì jáde. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ fi ìbomú bo imú àti ẹnu. Ẹ po Jik ife kan mọ́ omi ife mẹ́sàn-án, ẹ fi rẹ ìgbẹ́ tó wà nílẹ̀ àti ní ìdí ògiri dáadáa, ẹ jẹ́ kó tó ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó fi bébà rírọ̀ kó o. Ara ẹ́ńjìnnì kò fẹ́ Jik, torí ó ń jẹ irin. Omi Dettol ni kí ẹ fi aṣọ rẹ ibẹ̀. Gbogbo ohun tí ẹ bá kó, ọ̀rá méjì ni kí ẹ dì í sí, kí ẹ sì rì í mọ́lẹ̀. Àgbàdo inú ilé fílítà náà ń bẹ nínú ohun rírì. Èlùbọ́ tí èkúté bá ti lu àpò rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má rò ó.

Bí ibà bá mú ẹnikẹ́ni tó bá ṣe iṣẹ́ yìí láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó lọ sí ọsibítù, kó sì sọ fún dókítà pé òun kó ìgbẹ́ èkúté. Kó má jókòó sílé máa lo oògùn ibà. Nọ́ńbà NCDC, àjọ tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn ní Nàìjíríà, ni 6232, ọ̀fẹ́ ni.

Ìyá Ìbejì, Gáà-Akanbí

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun, mo ti gbọ́. Mi ò mọ̀ pé eruku rẹ̀ nìkan ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kí wá lẹni tí èkúté ń yọ lẹ́nu máa lò?

Wẹ́dà, Gánmọ

Ihò ni kí ẹ bá jà, Ìyá Ìbejì. Bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ihò tí bírò bá ti lè wọ̀, èlírí á wọ̀ ọ́, 6 mm péré ni. Èkúté ńlá, nǹkan bí 12 mm ti tó o.

Ẹ wọ inú gáréèjì yẹn lọ́sàn-án gangan, ẹ ti géètì mọ́ra yín, ẹ pa gílóòbù. Gbogbo ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń wọlé, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Abẹ́ géètì ló máa ń burú jù. Kí wẹ́dà jó irin pẹlẹbẹ mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Bí ilẹ̀ bá rí gbágungbàgun, kí bíríkìlà fi sìmẹ́ǹtì tún ojú ẹnu ọ̀nà ṣe. Rọ́bà nìkan kò tó, wọ́n á jẹ ẹ́. Ibi tí wáyà NEPA àti páìpù omi ti wọlé, ẹ ki irin tí a fi ń fọ ìkòkò bọ ibẹ̀ kó há, kí ẹ wá fi sìmẹ́ǹtì dí i. Ẹ má fi fóòmù tàbí ọ̀rá dí ihò. Ojú afẹ́fẹ́ ńkọ́? Nẹ́ẹ̀tì irin tí ojú rẹ̀ kò tó 6 mm ni, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kò lè dá wọn dúró. Ẹ gbójú sókè pẹ̀lú, wo ibi tí páànù ti pàdé ògiri. Ọ̀pọ̀ ló ń dí ìsàlẹ̀ tí wọ́n ń gbàgbé òkè.

Èyí tó bá wà nínú ilé tẹ́lẹ̀, tàkúté onírin ni kí ẹ fi mú un. Ìdí ògiri ni èkúté ń tọ̀, kì í gba àárín ilé. Ẹ ku eérú sílẹ̀ lálẹ́, ẹ ó rí ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ gbé tàkúté sí, kí ẹnu rẹ̀ tó ní ìjẹ kọjú sí ògiri. Ẹ̀pà lílọ̀ tàbí edé ni kí ẹ fi ṣe ìjẹ. Èkúté ńlá máa ń fura sí ohun àjèjì, nítorí náà ẹ jẹ́ kó jẹ ìjẹ náà ní alẹ́ díẹ̀ láìdẹ tàkúté, kí ara rẹ̀ balẹ̀ ná. Ẹ̀gbẹ́ táyà dára pẹ̀lú, torí táyà ló ń bá gun inú ọkọ̀. Gọ́ọ̀mù èkúté kò wúlò tí ọyẹ́ bá dé, eruku á bò ó, kò sì ní lẹ̀ mọ́.

Bàbá Àgbẹ̀, Àrán-Ọ̀rin

Ìyàwó wa, o kú iṣẹ́ ilé. Ohun tí àwọn ọmọ yìí sọ dára, ṣùgbọ́n bí àgbàdo bá ṣì wà nílẹ̀, èkúté á wá ọ̀nà. Òun ló pè wọ́n wá. Ọkọ̀ kàn jẹ́ iyàrá tí wọ́n rí nítòsí oúnjẹ ni.

Má bá Màmá sọ̀rọ̀ ọkọ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ àgbàdo wọn ni kí o bá wọn sọ. Jẹ́ kí ọkọ rẹ tú àpò tó wà nísàlẹ̀ pátápátá níwájú wọn, kí wọ́n fojú ara wọn rí i. Kó wá ní òun fẹ́ ra dúrọ́ọ̀mù onírin tó ní ìdérí, kí èkúté má bàa jẹ iṣẹ́ Màmá gbé. Ọmọ wọn ló yẹ kó sọ ọ́, kì í ṣe ìwọ. Mi ò tíì rí ìyá àgbẹ̀ tó máa bínú sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí wọ́n sá àgbàdo náà kó gbẹ dáadáa kí wọ́n tó dà á sínú dúrọ́ọ̀mù, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ yóò bu. Kẹ́ẹ̀gì ẹlẹ́nu gbígbòòrò tó ní ìdérí dára fún èlùbọ́. Àpò tó bá ṣẹ́ kù, ẹ gbé e sórí pákó tó ga tó orúnkún, kó má fara ti ògiri, kí ènìyàn lè rìn yí i ká.

Ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Tí a bá kórè tán tí ọyẹ́ dé, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dáná sun igbó, gbogbo eku oko ló ń sá wọlé. Oyún èlírí kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ó lè bí márùn-ún tàbí mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan, àwọn ọmọ náà á sì ti lè lóyún kí oṣù méjì tó pé. Kí ihò ti di dídí kí Nòfẹ́ńbà tó wọlé.

Ìyàwó Ilé, Òmù-Àrán

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, Bàbá. Mo ti sọ fún ọkọ mi, ó ní òun á bá Màmá sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n tún bi yín: ológbò ńkọ́? Kàǹfọ̀ ńkọ́? Ata ńkọ́? Wọ́n sì ń polówó ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ní ariwo rẹ̀ ń lé èkúté.

Rẹ́wáyà, Táńkẹ̀, Ìlọrin

Ẹ fi owó ẹ̀rọ aláriwo yẹn ra sìmẹ́ǹtì. Ó lè kọ́kọ́ dẹ́rù bà wọ́n, àmọ́ ó máa ń mọ́ wọn lára. Kàǹfọ̀ náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sínú ọkọ̀ ni yóò fún lórí fífọ́, kò sì dára fún ọmọdé. Ní ti ata, Honda ní téèpù kan tí wọ́n fi èròjà ata ṣe, tí wọ́n ń wé mọ́ wáyà. Bí ẹ bá rí i rà, ó dára kí ẹ wé e mọ́ àwọn ibi tí wọ́n bá tún ṣe. Ẹ má da ata gbígbẹ lásán sínú ẹ́ńjìnnì o, ojú mẹkáníìkì ló máa ta.

Ohun tó ṣe iṣẹ́ jù ni kí ọkọ̀ máa rìn. Bí wọ́n bá ti tún un ṣe tán, kí bọ̀dá máa gbé e jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó bá a dé Àjàṣẹ́-Ìpo kó padà. Tó bá wà nínú gáréèjì, kí bọ́nẹ́ẹ̀tì wà ní ṣíṣí, torí òkùnkùn ni èkúté fẹ́. Ẹ ká aṣọ ìbòjú ọkọ̀ yẹn kúrò, ẹ kó èérún bísíkíìtì ọmọdé kúrò nínú ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà fi nẹ́ẹ̀tì irin bo ojú tí éésì ti ń fa afẹ́fẹ́, nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú.

Nọ́ọ̀sì, Ọ̀ffà

Ológbò á ràn yín lọ́wọ́ nínú ọgbà, kò kàn lè wọ ibi tí èlírí ń wọ̀ ni. Bí ẹ bá sìn ín, kí bọ̀dá máa gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì kó tó ta ọkọ̀, torí ológbò fẹ́ràn kó sùn síbi ẹ́ńjìnnì tó ṣì gbóná.

Ìyàwó Ilé, Òmù-Àrán

Bàbá Àgbẹ̀, kí Ọlọ́run jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa. Ọkọ mi tú àpò ìsàlẹ̀. Màmá wò ó, wọ́n káwọ́ lérí, àwọn fúnra wọn ló sì ní kí wọ́n lọ ra dúrọ́ọ̀mù kíá. Bíríkìlà ń bọ̀ lọ́la. A ti ra ìbọ̀wọ́ àti Jik. Ó ku ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Ṣé kí a tún un ṣe tán ná ká tó sọ fún wọn?

Rẹ́wáyà, Táńkẹ̀, Ìlọrin

Ẹ sọ fún wọn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, Àǹtí. Ọkọ̀ wọn ni, owó wọn la ó ná. Bí ẹ bá ti fọ ìgbẹ́ kúrò, kí bọ̀dá ya fótò gbogbo wáyà tó já, ti páìpù epo, àti ti inú àpótí fúúsì lẹ́yìn tó bá ṣí ìdérí rẹ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ránṣẹ́ síbí náà. Màá wò ó, màá sọ wáyà tí wọ́n máa rà àti bó ṣe máa nípọn tó.