Èèrà dúdú ńlá tó ń tò lọ kó ikán: irú wo ni?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin onímọ̀ kòkòrò, mo kí yín o. Àkọsílẹ̀ àwọn èèrà ilẹ̀ ọ̀dàn Áfíríkà ni mo ń ṣe, ọ̀kan sì wà nínú wọn tí mo fẹ́ dá mọ̀ dájú kí n tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó dúdú, kò dán. Èyí tó tóbi jù nínú àwọn tí mo mú gùn tó mìlímítà 17, èyí tó kéré jù kò ju mìlímítà 8 lọ, bẹ́ẹ̀ inú ìtò kan náà ni mo ti mú gbogbo wọn. Wọ́n tò tẹ̀ léra lọ síbi tí ikán ti ń jẹ ewé gbígbẹ, nígbà tí wọ́n sì ń padà, àwọn ńláńlá inú wọn ti kó ikán mẹ́ta tàbí mẹ́rin sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí mo ṣe fi igi kan ìtò náà báyìí, ariwo kan ṣẹ́yọ láàárín wọn tó ń dún ṣììì, òórùn burúkú sì gba gbogbo ibẹ̀. Ẹnì kan sọ pé ìjàlọ ni, ẹlòmíràn sọ pé ìkamùdù ni, àti pé Paltothyreus tarsatus ni orúkọ rẹ̀, ìwé àtijọ́ kan sì pe irú èyí ní Pachycondyla. Èwo ni kí n gbà, kí sì ni mo gbọ́dọ̀ wò lára rẹ̀?

Èsì kìíní

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ ìjàlọ kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Òṣìṣẹ́ ìjàlọ, ìyẹn Dorylus, kò ní ojú rárá; bí ẹ bá fi awò wo ẹ̀gbẹ́ orí èèrà yín tí ẹ sì rí ojú níbẹ̀, ìjàlọ kọ́ nìyẹn.

Lẹ́yìn èyí, ìbàdí ni kí ẹ lọ wò, má sì ṣe jẹ́ kí àwọ̀ tàbí títóbi rẹ̀ gbé yín lọ. Bí ìbàdí náà bá ní kókó méjì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ inú ẹ̀ka Myrmicinae ló wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe inú Ponerinae. Bó bá jẹ́ kókó kan ṣoṣo, ẹ wo ikùn rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́: nínú ẹ̀ka Ponerinae, ikùn náà sábà máa ń fún wọlé lẹ́yìn ìpín àkọ́kọ́ rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn fi okùn so àpò ní àárín, oró tó fi ń tani sì wà ní ìdí rẹ̀. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé àwọn èèrà mìíràn tí à ń pè ní Camponotus náà wà tó dúdú, wọ́n tóbi, òṣìṣẹ́ wọn sì máa ń yàtọ̀ ní ìwọ̀n. Ṣùgbọ́n ikùn tiwọn kò fún, wọn kì í tani, ihò kékeré roboto tí irun yí ká ló wà ní ìdí wọn, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń tú omi kíkan jáde.

Èsì kejì

Mo fara mọ́ ohun tí ẹni tó ṣáájú mi sọ, ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi kún un pé òórùn kò lè yanjú ọ̀rọ̀ yìí, bó ti wù kó le tó. Paltothyreus tarsatus ń rùn, Megaponera analis, èèrà Ponerinae mìíràn tí mo rò pé òun ni ẹ mú, náà ń rùn, nítorí pé àwọn èròjà kan náà tó ní imí-ọjọ́ nínú ni ẹṣẹ́ ẹnu àwọn méjèèjì ń tú jáde. Ìwọ̀n àwọn òṣìṣẹ́ ló lè là á fún wa. Láàárín Megaponera, òṣìṣẹ́ inú ilé kan ṣoṣo lè wà láti nǹkan bíi mìlímítà 5 títí dé 18, iṣẹ́ wọn sì yàtọ̀: àwọn ńlá ni ó ń tú erùpẹ̀ tí ikán fi bo ọ̀nà wọn, àwọn kékeré a sì wọlé lọ fa ikán jáde. Ní ti Paltothyreus, gbogbo òṣìṣẹ́ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, wọ́n sì tóbi tó nǹkan bíi mìlímítà 20. Ẹ tún wo àyà àti kókó ìbàdí náà lábẹ́ awò. Lára Paltothyreus, ilà gbọọrọgbọọrọ tó jinlẹ̀ ló tẹ̀ lé ara wọn láti iwájú lọ sẹ́yìn níbẹ̀, nígbà tí ara Megaponera kò ní irú ilà bẹ́ẹ̀, tí irun wẹ́wẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ọn kì í sì í jẹ́ kó dán.

Ìṣe wọn náà kì í ṣe ohun tí a lè fojú fò. Paltothyreus máa ń dá lọ wá oúnjẹ láàárín ewé tó ti já sílẹ̀. Ó lè pe ẹgbẹ́ rẹ̀ bó bá rí ikán púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í to irú ìtò tí ẹ júwe yìí. Megaponera ni ó ń kó 200 sí 500 jọ lẹ́yìn tí èèrà amí kan bá ti rí ikán tán. Ikán nìkan ló ń jẹ, pàápàá àwọn Macrotermes àti ìbátan wọn. Ohun tó wú mi lórí jù lọ nípa rẹ̀ ni èyí tí àwọn olùwádìí tó ṣiṣẹ́ ní igbó ọba Comoé, ní Côte d'Ivoire, gbé jáde lọ́dún 2017, pé ó máa ń gbé èyí tó fara gbọgbẹ́ nínú ìjà padà wálé, àti pé èròjà olóòórùn yẹn gan-an ni ẹni tó fara pa fi ń pè fún ìrànlọ́wọ́.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti fi awò wò wọ́n: ojú wà, kókó kan ló wà ní ìbàdí, ikùn fún lẹ́yìn ìpín àkọ́kọ́, n kò sì rí ilà kankan lára àyà. Báwo wá ni kí n ṣe kọ orúkọ rẹ̀, nígbà tí àwọn ìwé kò fẹnu kò?

Èsì kẹta

Ẹ kọ ọ́ báyìí: Megaponera analis (Latreille, 1802). Latreille ló kọ́kọ́ júwe rẹ̀ lọ́dún 1802, Formica analis ló sì pè é. Lọ́dún 1862, Mayr dá ẹ̀yà Megaponera sílẹ̀ (ẹ̀yà ni àkójọ àwọn irú tó bára tan, òun ni orúkọ àkọ́kọ́ ń sọ), ó sì dá Paltothyreus náà sílẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà. Nítorí pé irú náà ti kúrò nínú ẹ̀yà tí Latreille fi í sí, inú àkámọ́ ni orúkọ Latreille gbọ́dọ̀ wà. Bí ẹ bá yọ àkámọ́ náà, ohun tí ẹ ń sọ ni pé inú Megaponera ló ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n kó àwọn ẹ̀yà bíi mélòó kan pọ̀ sábẹ́ Pachycondyla, ìdí nìyẹn tí ìwé yín fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2014, Schmidt àti Shattuck tún ẹ̀ka Ponerinae tò, wọ́n sì dá Megaponera àti Paltothyreus padà sí ipò wọn. Bí ẹ bá rí Megaponera foetens nínú ìwé tó ti pẹ́, èèrà kan náà ni wọ́n ń sọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe tọ́jú ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹ mú èyí tó tóbi jù, èyí tó kéré jù àti èyí tó wà láàárín, láti inú ìtò kan náà. Ẹ kó díẹ̀ sínú ẹ́tánọ̀ọ̀lù ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún kí DNA wọn má baà bàjẹ́, kí ẹ sì lẹ ìyókù mọ́ ṣóńṣó káàdì onígun mẹ́ta. Lára ìwé pélébé tó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ, ẹ kọ ibi tí ẹ ti mú un, ọjọ́, wákàtí, irú ilẹ̀ tó wà níbẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ pé ikán ló wà lẹ́nu rẹ̀. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ tọ́jú ikán náà pẹ̀lú, nítorí ó yẹ kí wọ́n dá òun náà mọ̀.