Kí ẹ tó pààrọ̀ sálẹ́ńsà ọkọ̀ asáré yín: ohun tí ojú wa rí

Ará Kent:

Ẹ kú ilé o. Mo rí i pé fídíò ni ọ̀pọ̀ wa fi ń yan sálẹ́ńsà. Ẹnì kan á gbé fóònù sí ìdí ọkọ̀, ẹlòmíì á tẹná ọkọ̀ náà lórí ìdúró, ó dún gbàù, kíá, owó ti jáde lápò. Èmi náà fẹ́ràn ohùn ẹ́ńjìnnì gan-an ni, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni jà pé ó fẹ́ kí mọ́tò òun ké. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, eré tí ẹ máa ń sá lójoojúmọ́ ni kí ẹ fi yan sálẹ́ńsà. Wákàtí mélòó ni ọkọ̀ ń lò lórí ìdúró tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́?

Toyota GT86 ni tèmi, oní-jíà tí a ń fọwọ́ yí. Ní márosẹ̀ M20 tí mo ń gbà lọ síbi iṣẹ́, máìlì 70 ní wákàtí kan ni òfin fàyè gbà. Bí mo bá wà lórí eré yẹn ní jíà kẹfà, ẹ́ńjìnnì ń yí ní nǹkan bí ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan. Sílíńdà mẹ́rin ló ní. Bó bá ti yí lẹ́ẹ̀kan, méjì nínú wọn ti dáná sí epo. Ẹ ṣírò ẹ̀: 6,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohùn abẹ́lẹ̀ ni ìró yẹn, àyà àti àgbárí ló máa ń dà láàmú jù. Bí sálẹ́ńsà kò bá ní ohun tó ń pa á, gbogbo inú ọkọ̀ á máa kùn hùùù láti ilé títí dé ibi tí ẹ ń lọ.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Croydon ní irú ọkọ̀ kan náà. Páìpù oníńṣì mẹ́ta ló gbé sí tirẹ̀, kò ní ìkòkò tó ń pa ariwo ní àárín páìpù, ìkòkò ẹ̀yìn rẹ̀ sì kéré. Ní ìgboro, ohùn yẹn dùn, àwọn ọmọdé ń juwọ́ sí wa. Nígbà tó wá gbé mi lọ sí Dover, bó ṣe bọ́ sí jíà kẹfà báyìí ni dígí tó fi ń wo ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Iná mọ́tò tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa di méjì-méjì nínú rẹ̀. Owó wẹ́wẹ́ tó wà níbi tí wọ́n ń gbé ife sí ń jó tìn-ìn-ìn. A ò lè sọ̀rọ̀ láìpariwo. Bó bá já a sí jíà karùn-ún, ẹ́ńjìnnì á yára sí i, ìkùn náà á lọ, ohùn tó mọ́ á gba ipò rẹ̀. Bó bá padà sí ìkẹfà, ó tún dé. Ọkọ̀ kan náà, sálẹ́ńsà kan náà, jíà kan ṣoṣo ló wà láàárín adùn àti ìyà.

Ohun tí mo gbọ́ lójú ọ̀nà yẹn ni mo fi ra tèmi. Mo mú èyí tó ní ìkòkò àárín, tí páìpù rẹ̀ jẹ́ íńṣì méjì ààbọ̀, tí wọ́n sì jó páìpù kan mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí wọ́n dí ẹnu rẹ̀ kejì pa. Inú páìpù tí wọ́n dí yẹn ni iṣẹ́ wà. Ìró á wọ inú rẹ̀, á kan òpin, á padà wá pàdé èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn, wọn á sì pa ara wọn. Gígùn rẹ̀ ló ń sọ irú ìró tó máa pa. Nínú èéfín tó gbóná tó 300°C, ohùn ń rìn ní nǹkan bíi mítà 480 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ fi 100 pín in, ẹ tún fi 4 pín ohun tó kù, ó di mítà 1.2. Páìpù gígùn ni, ó gba àyè lábẹ́ ọkọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá jó nǹkan kúkúrú mọ́ tiyín tó ní ó máa pa ìkùn márosẹ̀, ẹ ní kó fi ìṣirò rẹ̀ hàn yín.

Ọ̀rọ̀ kejì tí wọ́n máa ń tẹ̀ mọ́ni létí ni pé ẹ́ńjìnnì nílò ìdíwọ́ nínú páìpù èéfín kó tó lágbára. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kí èéfín máa sáré nínú páìpù ló nílò, nítorí èyí tó ń sáré jáde máa ń fa èyí tó kù nínú sílíńdà tẹ̀lé ara rẹ̀. Páìpù tó bá fẹ̀ jù, èéfín á rọra máa rìn nínú rẹ̀, ẹ óò sì mọ̀ ọ́n lára nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbéra tí ẹ́ńjìnnì kò tíì máa yí kíákíá. Ẹ́ńjìnnì lítà méjì tí kò ní tọ́bò, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnnì, tí agbára ẹṣin rẹ̀ kò ju 200 lọ, kí ló fẹ́ fi páìpù oníńṣì mẹ́ta ṣe? Ẹ má sì retí pé ẹ óò rí agbára ńlá. Lórí irú ọkọ̀ yìí, bí ẹ bá pààrọ̀ láti ẹ̀yìn kátálíìsì (ìkòkò tó ń fọ èéfín) dé ìdí, agbára ẹṣin díẹ̀ ló máa wọlé. Ohùn lẹ ń rà, àti ìwọ̀n irin tó fúyẹ́.

Nǹkan kan tún wà tó máa ń yà mí lẹ́nu. Lára ohùn tí GT86 ń pa sétí awakọ̀ láti ilé iṣẹ́ wá, ti iwájú wà níbẹ̀. Toyota fi páìpù kan gbé ohùn ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́ wọ inú ọkọ̀. Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tó jẹ́ ti iwájú àti èyí tó jẹ́ ti ẹ̀yìn kí ẹ tó náwó.

Ti òfin: ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, òfin ọdún 1986 lórí kíkọ́ ọkọ̀ àti lílò ó kò gbà kí ẹ yí sálẹ́ńsà padà lọ́nà tí ariwo rẹ̀ á fi pọ̀ sí i. Bí kátálíìsì tó bá ọkọ̀ wá bá ti kúrò, ọkọ̀ á já nínú MOT, àyẹ̀wò ọdọọdún tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ọkọ̀ yẹ lójú pópó. Ẹ sọ fún ilé iṣẹ́ adójútòfò kí ẹ tó gbé e sí, kì í ṣe lẹ́yìn tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń lọ sá eré ní pápá, ẹ béèrè ààlà ariwo ibẹ̀ ṣáájú. Ní Donington Park, dẹ̀síbẹ́lì 98 ni wọ́n ń wọ̀n lórí ìdúró. Ọkọ̀ tó bá kọjá rẹ̀ kò ní wọ pápá, bí ẹ ti lẹ̀ ti sanwó.

Wẹ́dà Ládìpọ̀:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Èmi jẹ́ wẹ́dà, Ládìpọ̀ ní Mushin ni mo ti ń ṣiṣẹ́, sálẹ́ńsà ni mo ń jó. Àwọn tó ń gbé Mustang wá bá mi ti pọ̀ gan-an. Ẹ̀gbọ́n kan gbé Mustang EcoBoost wá, ó ní kí n yọ gbogbo ìkòkò rẹ̀ kúrò kó lè máa dún bíi ti Mustang GT ọ̀gá òun. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, kò lè ṣẹlẹ̀.” Sílíńdà mẹ́rin ni tiyín, lítà 2.3, pẹ̀lú tọ́bò. V8 lítà 5.0 ni ti ọ̀gá yín. Mẹ́rin wà lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì, iná tó ń jó lápá kan ṣoṣo kì í sì í tò ní àlàfo tó dọ́gba. Ohùn gúdúgúdú tí ẹ ń gbọ́ yẹn, ibi tí àlàfo wọn kò ti dọ́gba ló ti ń wá. Bí mo bá yọ ìkòkò tiyín, ariwo á pọ̀, ṣùgbọ́n ariwo sílíńdà mẹ́rin náà ni. Ó rò ó, ó ní kí n fi ìkòkò ẹ̀yìn tó dára sí i, kí n fi àárín sílẹ̀. Inú rẹ̀ dùn nígbà tó ń lọ.

Ẹ̀yin tó ní Mustang GT gangan, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe so páìpù ọ̀tún mọ́ tòsì. Bí wọ́n bá so ó bíi H, ohùn á nípọn, á máa gúnlẹ̀. Bó bá jẹ́ X, ohùn á ga, á sì mọ́. H ni mo fẹ́ràn jù, ti V8 nìyẹn.

Òòfà kékeré máa ń wà lápò mi. Wọ́n á gbé páìpù tó ń dán yinrin wá pé sténlẹ́ẹ̀sì 304 ni, irú irin tí kì í tètè dípẹtà. Mo fi òòfà kàn án níbi tó gún. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́, kì í ṣe 304. Ibi tí wọ́n tẹ̀ lè fà díẹ̀, ìyẹn kì í ṣe àléébù, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó jẹ́ ibi tó gún. Èyí tó fà gidi lè jẹ́ 409, sténlẹ́ẹ̀sì ni òun náà ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ń dípẹtà, tàbí irin lásán tí wọ́n kùn. Lẹ́yìn náà, ẹ tan iná fóònù sínú páìpù níbi tí wọ́n ti jó o. Bí inú ibẹ̀ bá dúdú, tó wú hẹ́rẹhẹ̀rẹ bíi ṣúgà tó jóná, afẹ́fẹ́ ló dé ibẹ̀ nígbà tí irin ṣì gbóná, wọn kò fi ágọ́ọ̀nù, gáàsì tó ń lé afẹ́fẹ́ kúrò, sí inú páìpù. Ìta lè lẹ́wà o, ibẹ̀ náà ló máa ya. Ẹ sì fọwọ́ wọ́ ibi tó tẹ̀ kọ̀rọ̀: ó gbọ́dọ̀ fẹ̀ bákan náà, kò gbọdọ̀ rún.

Ẹni tó bá ní òun fẹ́ bá yín yọ kátálíìsì lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ṣọ́ra fún un. Platinum, palladium àti rhodium ló wà nínú rẹ̀, owó gidi ni. Bó bá ti lọ, sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn, ohun tó ń yẹ èéfín wò, á rí i pé kò sí ohun tó ń fọ èéfín, iná ẹ́ńjìnnì á tàn lójú ọkọ̀, kóòdù àléébù P0420 á máa yọ. Òórùn rẹ̀ á sì máa ta yín lójú nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.

Ti bọ́ǹpù àdúgbò, n kò ní gbàgbé: kí n tó de páìpù mọ́lẹ̀, mo máa ń ní kí èèyàn mẹ́rin jókòó sínú ọkọ̀, kí n tó wọn gíga rẹ̀ sílẹ̀. Ọkọ̀ òfìfo kò ní fi òtítọ́ hàn yín.

Ìyá Ìbejì, Houston:

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Subaru WRX ọdún 2016 ni mo ń wà. Ti ọkọ̀ oní-tọ́bò yàtọ̀ díẹ̀ sí ti ẹ̀gbọ́n Kent, nítorí páìpù tó tẹ̀lé tọ́bò gan-an ni agbára wà. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ náà ni kátálíìsì wà, kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì sì gbọ́dọ̀ gba àtúnṣe tó bá a mu. Texas ti pa àyẹ̀wò ààbò fún ọkọ̀ tí kì í ṣe ti òwò rẹ́ láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, àwọn kan wá rò pé gbogbo àyẹ̀wò ló lọ. Ní Harris County níbí, wọ́n ṣì ń yẹ èéfín wò. Mo fi páìpù yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ̀yìn nìkan ni mo pààrọ̀.

Ohun tí n kò tíì rí kí ẹnikẹ́ni sọ ni ti àárọ̀ kùtù. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá tutù, á kọ́kọ́ máa yí kíákíá kí kátálíìsì lè gbóná, ìgbà yẹn gan-an ni ariwo pọ̀ jù lórí ìdúró. Ẹni tó fẹ́ ta sálẹ́ńsà fún mi ní kí n wá gbọ́ ti ọkọ̀ tirẹ̀ lọ́sàn-án. Mo ní rárá, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú, ẹ má ṣíná sí i kí n tó dé. Ó ṣíná sí i, ajá ilé kejì sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Mo dúpẹ́, mo lọ ra èyí tí ìkòkò rẹ̀ tóbi jù. Àwọn ọmọ mi ń sùn, àwọn aládùúgbò ń kí mi.

Akin Ìbàdàn:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, titanium ńkọ́? Àwọ̀ búlúù yẹn ń wù mí gan-an.

Ará Kent:

Ó fúyẹ́, àbúrò. Bí titanium àti sténlẹ́ẹ̀sì bá tóbi bákan náà, ti titanium kò tó ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ìwọ̀n tìkejì. Ooru ló ń fún un ní búlúù yẹn. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ máa ń tinrín, ó sì ń ké díẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ lójú ọ̀nà kẹ́ ẹ tó sanwó.

Wẹ́dà Ládìpọ̀:

Bó bá ya, kì í ṣe gbogbo wẹ́dà ló lè jó o. Pẹ̀lú kòtò tiwa níbí, 304 ni kẹ́ ẹ mú. Èyíkéyìí tí ẹ bá gbé sí, lẹ́yìn tó bá ti gbóná tó sì ti tutù lẹ́ẹ̀mélòó kan, ẹ gbé e padà wá kí wọ́n tún gbogbo nọ́ọ̀tì rẹ̀ dè.