Kónílé ó gbélé: kí la lè máa ṣe nínú ilé tí yóò dùn, tí yóò sì wúlò?

Ìyá Ìbejì, Òkè-Fìà

Ẹ kú ìfaradà àsìkò yìí o, ẹ̀yin ará. Láti ìparí oṣù kẹta ọdún 2020 yìí tí wọ́n ti ní kónílé ó gbélé ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun nítorí kòrónà, inú yàrá méjì la wà: èmi, bàbá wọn, àwọn ìbejì tó pé ọdún 9, ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 13, àti ìyá ọkọ mi. Tíṣà ni mí. Wọ́n ti ti ilé ìwé, owó oṣù ò sì wọlé. Mọ́tò ni bàbá wọn ń wà lọ sí Ìbàdàn, òun náà ti jókòó.

Oúnjẹ ṣì wà díẹ̀díẹ̀, ọpẹ́ ni. Bí ọjọ́ ṣe ń lọ lásán ló ń dùn mí. Ilẹ̀ á mọ́, wọ́n á dì mọ́ fóònù. Iná á dé, wọ́n á tan tẹlifíṣọ̀n. Iná á lọ, ìjà á bẹ̀rẹ̀. Lánàá, ẹ̀gbọ́n wọn ju rìmóòtù lu Táyé, iwájú orí ọmọ wú. Ìyá àgbà kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n kàn kọjú sí ògiri ni.

Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀ ń ṣe nílé tiyín? Mi ò lówó tí n óò fi ra nǹkan ńlá. Ohun tí àwọn ọmọ á gbádùn, tó sì máa ṣe ilé láǹfààní, ni mò ń wá.

Àǹtí Aláṣọ, Ìgbọ̀nà

Ẹ kó àjákù ańkárá jáde, kí ẹ rán ìbòmú. Abẹ́rẹ́ àti òwú nìkan la fi rán tiwa. Kó jẹ́ ìṣẹ́po méjì o, kí ẹ sì máa fọ̀ ọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti lò ó. Ọmọ ọdún 13 yẹn á ṣe é dáadáa.

Bàbá Ọlọ́pọ́n, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì. Ayò ni tiwa. Bí ẹ ò bá ní ọpọ́n, ẹ wá kírétì ẹyin, kí ẹ gé ìlà méjì nínú rẹ̀ tó ní ihò mẹ́fà mẹ́fà. Ó di ilé 12 nìyẹn. Ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́rin mẹ́rin sínú ilé kọ̀ọ̀kan, 48 lápapọ̀. Ọmọ tó bá fẹ́ di ọ̀ta, ìyẹn ẹni tó mọ ayò ta dáadáa, gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ọmọ ayò tó kẹ́yìn máa já sí kó tó gbé e, ìṣirò gidi sì ni. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa fi ìka kà á. Ojú la fi ń ka ayò. Ọmọkùnrin mi àbígbẹ̀yìn ti ń pa mí báyìí, inú mi sì dùn sí i gan-an.

Ẹlẹ́fọ̀ọ́, Òkè-Baálẹ̀

Òjò ti bẹ̀rẹ̀, ẹ gbin ewédú.

Ìyá Ìbejì

Ẹ ṣeun, sà. Gbogbo àgbàlá wa ni wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́, kò sílẹ̀. Mo sì ti gbin ewédú rí, èyí tó hù ò ju mẹ́ta lọ.

Ẹlẹ́fọ̀ọ́, Òkè-Baálẹ̀

Àpò ìrẹsì tó ti ṣófo ni kí ẹ lò, ẹ dá ihò sí ìdí rẹ̀ kí omi lè máa jáde. Èyí tí kò hù yẹn kì í ṣe ẹ̀bi yín, ara irúgbìn ewédú ló yi. Ẹ dì í sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ gbé omi kaná kó hó. Ẹ rì í bọ omi náà, kí ẹ jẹ́ kí àwọn ìbejì ka ení, èjì, ẹ̀ta, títí dé ẹ̀wá, kí ẹ wá yọ ọ́. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ ó ti jinná. (Àgbà ni kó di aṣọ náà mú o, kí omi má bó ọmọ.) Ẹ tẹ́ ẹ kó gbẹ, ẹ pò ó mọ́ iyanrìn kó má baà ṣù síbì kan, kí ẹ tó fọ́n ọn. Bí ọ̀sẹ̀ 5 sí 6, ẹ ti ń já a. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, kì í ju ọ̀sẹ̀ 4 lọ tí ẹ ó fi fà á. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní àpò tirẹ̀. Ẹ ò ní pè wọ́n kí wọ́n tó bomi rin ín.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Alékùwodò

Tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn dáadáa pẹ̀lú. Ẹ̀rù ń ba àwọn ọmọ yìí, wọ́n ń gbọ́ iye ẹni tó ń kú lórí rédíò. Ẹ pe èyí tó ju rìmóòtù yẹn jókòó, kí ẹ bi í ohun tó ń dùn ún.

Ìyá Àlọ́, Àyétòrò

Nígbà tí a bá ń ṣa ẹ̀wà la máa ń pa àlọ́ nílé wa. Lọ́sàn-án àná mo ní: “Òrúkú tindí tindí, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò.” Àbúrò wọn pátápátá wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó kígbe: “Ẹ̀wà ni! Ojú rẹ̀ dúdú!” Kò jẹ́ kí n ṣa ẹ̀wà yẹn tán fúnra mi.

Ọmọ Aláró

Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ yín ló gbà mí lọ́kàn. Ọmọ Òṣogbo ni wọ́n? Kí ni wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó dàgbà? Ìlú aró nìlú wa. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí agboolé tí ẹnì kan ò ti di àdìrẹ tàbí kó re aṣọ nígbà kan. Ìyá tó bí ìyá mi máa ń gún ewé ẹ̀lú, wọ́n á ṣù ú, wọ́n á sá a, wọ́n á sì fi omi eérú pò ó nínú ìkòkò. Bí aṣọ bá kọ́kọ́ jáde nínú aró, ó máa ń rí bí ewé tútù. Atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di búlúù níṣojú ẹni. Mo rí i nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé idán ni.

Ẹ bi ìyá. Dídì rẹ̀ ò ná yín ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ má fi kọ́sítìkì, kẹ́míkà tí wọ́n ń lò dípò omi eérú lóde òní, sọ́wọ́ ọmọdé rárá o, ó ń bó ara.

Ìyá Ìbejì (lẹ́yìn ọjọ́ 8)

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àdúrótì. Mo bi ìyá àgbà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, “Ta ló sọ fún ọ?” Ọdún kẹtàlá mi rèé nínú ilé yìí, n kò mọ̀ pé aládìrẹ ni wọ́n.

Bẹ́ẹ̀dìṣíìtì funfun kan tó ti gbó la gé sí mẹ́rin. Kò sí ìko nílé, òwú la lò. Wọ́n fi ìka méjì fa aṣọ sókè láàárín, wọ́n wé òwú mọ́ ọn yí po yí po bí ẹni ń fi òwú kó irun, wọ́n fi eyín fà á le. Wọ́n ní bó bá ṣe le tó ni funfun rẹ̀ ṣe máa mọ́ tó. Oṣù bàmbà ni wọ́n kọ́kọ́ dì. Wọ́n wá ń fi ẹ̀wà kọ̀ọ̀kan sábẹ́ aṣọ, wọ́n ń dì í yí i ká, ìràwọ̀ nìyẹn. Kẹ́hìndé di ìràwọ̀ 31. Ìyá àgbà tú 9 nínú rẹ̀, wọ́n ní kó tún un dì, kò sì bínú.

Mo bá ẹ̀gbọ́n wọn sọ̀rọ̀ bí Nọ́ọ̀sì ṣe wí. Nítorí ìdánwò JSS3 ni kò ṣe ń sùn. Òun ló fi fóònù gba ohùn ìyá àgbà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ki oríkì ìdílé wọn, ó sì ti ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ewédú ti hù nínú àpò Táyé, ti Kẹ́hìndé ò tíì yọjú.

Aṣọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà nínú agbọ̀n, kò sí aró. Ìyá àgbà ń bi mí láràárọ̀ bóyá ọjà ti ṣí. Ẹ̀yin tí ilé yín sún mọ́ Ọjà Ọba, bí ẹ bá rí ẹni tó ń ta ẹ̀lú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi tó mi létí.