Chary nínú lẹ́tà: ṣé "of" ló ń tẹ̀lé e ni àbí "to"?

Ayẹ̀wéwò_Aké
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Lẹ́tà àwọn aláàdìrẹ kan ní Ìtòkú wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ tún ṣe. Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì méjì tó ní chary (kéèyàn máa ṣọ́ra tàbí máa lọ́ra láti ṣe nǹkan) ló ń kọ mí lóminú: "Our members are chary to sell on credit" àti "Customers should be chary of fake indigo." Ṣé ó tọ́ bẹ́ẹ̀, àbí wary ló yẹ? Wọ́n á kà á sókè níwájú àlejò, nítorí náà ẹ bá mi sọ bí wọ́n ṣe ń pè é.

Gírámà_Lafẹ́nwá
Nínú ti àkọ́kọ́, chary wà níbi tó yẹ ẹ́. "To" ni kò bá a lọ. Of ni kí ẹ fi tẹ̀lé e, kí ọ̀rọ̀-ìṣe tó kàn sì ní -ing nídìí: "chary of selling on credit." About náà kò burú. Reluctant ló máa ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà: ìtumọ̀ wọn sún mọ́ra, reluctant sì ń gba to.

Ẹ gbé wary sínú ìkejì. Ohun tó lè ṣeni ní jàǹbá là ń wary fún: ayédèrú ẹ̀lú, gbájúẹ̀, àtẹ̀gùn tó ń yọ̀ ní Olúmọ. Ti chary, ọwọ́ ara ẹni là ń fà sẹ́yìn: a ò fẹ́ tàwìn, a ò fẹ́ ṣèlérí, a ò fẹ́ dá sọ́rọ̀ ọlọ́rọ̀. Àwọn kan ń lò ó fún ewu náà, ṣùgbọ́n wary ló mọ́ létí jù.

Ọmọ_Ìjemọ̀
Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́ tán, àmọ́ ibì kan wà tí wọn ò ti lè gbapò ara wọn rárá. "He is chary of praise": ìyìn wọ́n lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. "He is wary of praise": àwọn tó ń yìn ín ló ń fura sí. Ẹ wò ó bó ṣe jìnnà síra tó.

Ní ti pípè, ẹ pe chair, kí ẹ fi y sí i lẹ́yìn. Ó bá dairy àti hairy dọ́gba. Kì í ṣe cherry, kì í sì í ṣe char inú charcoal.

Y rẹ̀ máa ń di i: charier, chariest, charily. Shakespeare fi chariest sẹ́nu Laertes nínú Hamlet, níbi tó ti ń kìlọ̀ fún Ophelia àbúrò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni lóòótọ́. Ẹ̀ẹ̀kan nínú lẹ́tà ti tó. Ẹ má sì kọ "chary traders". Ẹ̀yìn are, become tàbí remain ló ti ń jókòó dáadáa.

Ayẹ̀wéwò_Aké
Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé "remain chary of selling on credit to new customers" wá dáa?

Gírámà_Lafẹ́nwá
Ó dáa, bó bá jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé ẹnu àìpẹ́ yìí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ "have become."