Ṣé ìṣubú ni, àbí ìpatúúbá? Lórí akọni tó pa ẹni tó na ọwọ́ sí i

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Olùkọ́ wa tó ń múra eré orí ìtàgé fáwọn ọmọ ilé-ìwé girama níbí ní Abẹ́òkúta bi wá pé kí la ó máa pe ohun tó ṣẹlẹ̀ sí akọni tó pa ọ̀tá tó ti ṣẹ́gun tán. Ó ti kọ "Ìṣubú Akọni" sára ìwé eré náà, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ sí i. Àwọn kan ní kó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ní "Ìtẹ́ Akọni" ló tọ̀nà. Bàbá wa kan ní Aké sì ní akọni náà kò ṣubú síbì kankan, pé gbèsè ló san. Ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Yóò gùn díẹ̀, ẹ fara dà á fún mi.

Fún ẹni tí kò mọ ìtàn náà: Aeneas ni akọni, ọmọ Troy, ìlú tí ogun fọ́. (Kì í ṣe arọ tí Pétérù wò sàn ní Lídà o, orúkọ ló kàn pa wọ́n pọ̀.) Virgil ará Róòmù, tó kú ní ọdún 19 ṣáájú ìbí Kírísítì, ló kéwì rẹ̀ ní ìwé 12. Aeneas dé Ítálì pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀, Turnus ọba àwọn Rutuli sì gbógun tì í. Nínú ogun yẹn ni Turnus ti pa Pallas, ọ̀dọ́mọkùnrin tí Evander bàbá rẹ̀ fà lé Aeneas lọ́wọ́. Ó bọ́ ọ̀já ogun lára òkú ọmọ náà, ó gbé e kọ́ èjìká ara rẹ̀.

Nígbà tí àwọn méjèèjì wá dojú kọ ara wọn, ọ̀kọ̀ Aeneas gún Turnus nítan, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. Ó na ọwọ́. Ó ní òun mọ̀ pé ó tọ́ sí òun, òun kò sì bẹ̀bẹ̀ fún ara òun. Ó ní kí Aeneas ro ti Daunus, bàbá òun tó ti darúgbó, kó dá òun padà fún un, bí kò bá sì jẹ́ òun, kó jẹ́ òkú òun. Ó ní gbogbo àwọn èèyàn òun ti rí i tí òun na ọwọ́, kí ìkórìíra mọ níbẹ̀. Aeneas dáwọ́ dúró. Ọkàn rẹ̀ ti ń rọ̀. Àfi bí ojú rẹ̀ ṣe bọ́ sára ọ̀já Pallas. Ó ní Pallas ló ń pa ọ́ yìí, ó sì ki idà bọ̀ ọ́ láyà. Ibẹ̀ ni ìwé parí sí, kò sí ìsìnkú, kò sí orin ìṣẹ́gun. Bẹ́ẹ̀, bàbá Aeneas fúnra rẹ̀ ti sọ fún un ní ìlú àwọn òkú pé iṣẹ́ àwọn ọmọ Róòmù ni láti dá ẹni tó bá ti tẹrí ba sí, kí wọ́n sì tẹ agbéraga lórí ba.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo ìṣubú. Ilé ìjọsìn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ wa lẹ́nu tó báyìí: ìṣubú Ádámù, ìṣubú ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí a ṣe ń lò ó nílé. Bọ́mọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bágbà bá ṣubú, a wẹ̀yìn wò. Ọmọdé ń wá ẹni tí yóò gbé e, àgbà ń wá ohun tó gbé e ṣubú. Nínú méjèèjì, kò sẹ́ni tó ń wá ẹ̀bi lọ́dọ̀ ẹni tó ṣubú. Kí la sì máa ń sọ fún un? Pẹ̀lẹ́ o. Àwọn òǹwòran wa yóò jókòó síwájú Aeneas tí ẹ̀jẹ̀ ń kán lára idà rẹ̀, àkọlé eré yóò sì máa sọ fún wọn pé kí wọ́n kí i ní pẹ̀lẹ́. Èmi kò lè fara mọ́ ìyẹn.

Ìtẹ́ sàn ju ìṣubú lọ, nítorí ẹni tó tẹ́ mọ̀ pé òun tẹ́. Ṣùgbọ́n títẹ́ ń fẹ́ ojú. Ẹnì kan ní láti rí ọ, kó sì yọ ṣùtì sí ọ. Ta ló yọ ṣùtì sí Aeneas? Àwọn Rutuli kérora nígbà tí ọba wọn wólẹ̀, a ò gbọ́ pé ọmọ Troy kankan bu akọni tirẹ̀ kù. Lójú àwọn tirẹ̀, ọjọ́ ògo ni. Ohun tó sì bani lẹ́rù nínú ìtàn náà gan-an nìyẹn, pé èèyàn lè bàjẹ́ kí ìyì rẹ̀ má dín ní kọ́bọ̀.

Ẹni tó dábàá "ìwà ìbàjẹ́", ẹ kú làákàyè, ṣùgbọ́n lóde òní, tí ẹ bá kọ ọ́ sára pátákó ní Pànṣẹ́kẹ́ pé akọni hùwà ìbàjẹ́, ohun tí èrò ọkọ̀ yóò bèèrè ni iye owó ìjọba tó kó jẹ.

Èrò tèmi ni pé ká pa orúkọ ohun tí ọwọ́ akọni ṣe. Yorùbá kì í sábà dárúkọ ibi tí ọkàn já sí kó tó dárúkọ iṣẹ́ ọwọ́: apànìyàn, ọ̀dàlẹ̀, ajínigbé, iṣẹ́ ni gbogbo wọn ń sọ. Mo dábàá ìpatúúbá. Ẹni tó bá túúbá ni atúúbá. Pa pọ̀ mọ́ atúúbá di patúúbá, gẹ́gẹ́ bí pa àti ènìyàn ṣe di pànìyàn. Ẹni tó ṣe é ni apatúúbá, ohun tó ṣe ni ìpatúúbá. Ó ṣeé pè lẹ́ẹ̀kan, ọmọ kíláàsì kìíní kò sì ní bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀.

Mo ti rí àtakò mẹ́ta tó ń bọ̀. Àkọ́kọ́ ni pé túúbá kì í ṣe Yorùbá, pé ọ̀dọ̀ Hausa la ti rí i, àwọn náà sì rí i lọ́dọ̀ Lárúbáwá. Bẹ́ẹ̀ ni. Àlàáfíà ńkọ́? Àánú tí Turnus ń wá náà ńkọ́? Tí a bá ń lé gbogbo àlejò jáde nínú èdè yìí, ilé á ṣófo. Ẹni tó fẹ́ "ìpa-ajuwọ́sílẹ̀" dípò rẹ̀, ẹ gbìyànjú kí ẹ pè é lórí ìtàgé pẹ̀lú idà lọ́wọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, akẹ́kọ̀ọ́ tí ìṣirò sú náà juwọ́ sílẹ̀.

Èkejì wúwo jù ú lọ: kí ló dé tí a kò fi "jọ̀wọ́ ara" tó ti wà nílẹ̀ ṣe é? Àwọn oníròyìn máa ń sọ pé àwọn agbésùnmọ̀mí "jọ̀wọ́ ara wọn" fún ọmọ ogun. Ọ̀rọ̀ ológun ni, ó sì dáa láyè tirẹ̀. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje 1967, ìlànà tí ìjọba Gowon fún àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà sọ ọ́ kedere pé ọmọ ogun tó bá jọ̀wọ́ ara rẹ̀, wọn kò gbọ́dọ̀ pa á, kí wọ́n gba ohun ìjà lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ bí òǹdè ogun. Àdéhùn Geneva ti 1949 ti sọ bẹ́ẹ̀ ṣáájú: ẹni tó bá ti kó ohun ìjà rẹ̀ sílẹ̀, tàbí tí ọgbẹ́ tàbí àìsàn kò jẹ́ kó lè jà mọ́, kò sí nínú ìjà mọ́. Ṣùgbọ́n jíjọ̀wọ́ ara ń sọ ibi tí ara wà nìkan. Èèyàn lè jọ̀wọ́ ara rẹ̀ kó ṣì máa ṣépè. Túúbá ní ẹnu nínú: mo jẹ̀bi, ẹ ṣàánú mi.

Ibẹ̀ ni àtakò kẹta ti wọlé, ti ìyá wa ní Ìtòkú, òun ló sì mú jù. Ó ní Turnus sọ pé òun kò bẹ̀bẹ̀, báwo la ṣe wá ní ó túúbá? Ìyá, ẹ tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò. Ó ní ó tọ́ sí òun: ẹ̀bi nìyẹn, ó ti gbà á. Ó ní òun kò bẹ̀bẹ̀ fún ara òun, ó wá bẹ̀bẹ̀ lórúkọ bàbá rẹ̀ arúgbó. Nílẹ̀ Yorùbá, ẹ̀bẹ̀ wo ló tún ju ìyẹn lọ? Kódà nínú ìjà gáréèjì ní Kútọ̀, "nítorí ìyá tó bí ẹ" ni wọ́n máa ń sọ kẹ́yìn, tí ọwọ́ tó ti gbé sókè fi máa ń rọlẹ̀. Turnus túúbá, ìgbéraga rẹ̀ ni kò jẹ́ kó fi orúkọ ara rẹ̀ sí i.

Ìbéèrè kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì bèèrè. Kí ló dé tí àwọn baba wa, tí wọ́n jagun tó báyìí ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kò fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lélẹ̀ fún pípa ẹni tó túúbá? Àwọn tó tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830, ogun ló lé wọn kúrò nílé. Dahomey wá bá wọn níbí ní 1851, ó tún wá ní 1864, wọ́n sì lé e padà lẹ́ẹ̀mejèèjì. Kì í ṣe pé wọn kò mọ ogun. Ìdáhùn tèmi kò dùn létí: ẹni tó túúbá, owó ni. Wọ́n ń kó o lẹ́rú ni, wọ́n ń tà á, àwọn èèyàn rẹ̀ sì lè wá rà á padà. Ìdí nìyẹn tí èdè wa fi kún fún "kó lógun", "mú lẹ́rú", ìgbèkùn, òǹdè. Kì í ṣe gbogbo ìgbà tí wọ́n dá ẹ̀mí sí ni àánú wà níbẹ̀. Olórí ogun tí ọwọ́ bá tẹ̀ sì mọ̀ pé tòun lè yàtọ̀.

Ẹni tó kó ìgbèkùn àti òǹdè wọnú ìwé fún wa mọ adùn wọn àti ìkorò wọn. Ogun mú Àjàyí Crowther ní Òṣogùn ní 1821, wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ní 1846 ló dé Abẹ́òkúta pẹ̀lú àwọn míṣọ́nnárì, ibí náà ló sì ti tún fojú kan ìyá tó bí i. Iṣẹ́ ìtumọ̀ tó jẹ́ aṣáájú rẹ̀ ló di odindi Bíbélì ní 1884.

Bíbélì yẹn gan-an kò fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ wa. Ọba Ísírẹ́lì bi Èlíṣà bóyá kí òun pa àwọn ará Síríà tó bọ́ sí i lọ́wọ́. Wòlíì ní rárá, kó gbé oúnjẹ àti omi síwájú wọn, kí wọ́n máa lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá wọn. Ṣùgbọ́n Ágágì, ọba àwọn Ámálékì, tí Sọ́ọ̀lù dá sí, Sámúẹ́lì ló ṣá a wẹ́lẹwẹ̀lẹ ní Gílígálì, Sọ́ọ̀lù tó ṣàánú sì ni ìwé dá lẹ́bi. Ṣé Sámúẹ́lì náà jẹ́ apatúúbá? Mo mọ̀ pé ìbéèrè yìí yóò bí àwọn kan nínú. Èyí tó ràn wá lọ́wọ́ jù ni ti Jóábù olórí ogun, tí Dáfídì fẹ̀sùn kàn nígbà tí ikú Dáfídì fúnra rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, pé ó ta ẹ̀jẹ̀ ogun sílẹ̀ ní ìgbà àlàáfíà, ó sì fi ẹ̀jẹ̀ náà sára àmùrè rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni. Ìgbà ló sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀. Ogun ti tán lọ́wọ́ Turnus nígbà tó na ọwọ́.

Bàbá wa ní Aké, mo dọ̀bálẹ̀. Òótọ́ ni pé Evander ránṣẹ́ sí Aeneas pé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ jẹ òun àti ọmọ òun ní ẹ̀mí Turnus. Kò sí ẹni tó lè gbójú fo ìyẹn, mi ò sì rò pé Virgil fẹ́ ká gbójú fò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń san gbèsè mọ̀ kó tó jáde nílé pé gbèsè lòun ń lọ san. Aeneas ti fẹ́ fi ọkùnrin náà sílẹ̀! Gbèsè náà kò wá sí i lọ́kàn àfi ìgbà tó rí ọ̀já. Ohun tó gbé idà náà, inú ló bí i. Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́.

Ó ku ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Aeneas fúnra rẹ̀, nítorí olùkọ́ wa ń fẹ́ ọ̀rọ̀ fún ìyẹn náà. N kò ní dá ọ̀rọ̀ tuntun. "Ó sọ ìwà nù" ti wà nílẹ̀. Ẹ rántí ẹsẹ Ifá tí Ìwà ti jẹ́ aya Ọ̀rúnmìlà: òun fúnra rẹ̀ ló lé e lọ, tó wá ń ti ilé dé ilé béèrè rẹ̀. Ẹni tó sọ nǹkan nù mọ̀ pé ọwọ́ òun ló wà tẹ́lẹ̀. Kò dà bí ìṣubú tí ẹnì kan lè wá gbé ọ dìde níbẹ̀.

Nítorí náà, olùkọ́ wa, "Apatúúbá" ni kí ẹ kọ sókè, ẹ fi gbogbo àmì ohùn sí i. Ẹ fi "ó sọ ìwà nù" sẹ́nu àwọn Rutuli tó ń kérora, ẹ má fi sẹ́nu ọmọ Troy kankan. Ní ti ohun tó wà léjìká Turnus, ẹ má pè é ní bẹ́líìtì, ẹ má sì pè é ní àmùrè, torí ìdí ni àmùrè ń gbé, èjìká lojú Aeneas sì bọ́ sí. Mo mọ̀ pé tí ẹ bá ní "ọ̀já" lásán, àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ṣé Turnus pọn ọmọ ni. "Ọ̀já ogun" ni kí ẹ sọ láti ìran àkọ́kọ́, nígbà tí Pallas ṣì wà láàyè tó ń sán an, kó lè ti mọ́ wọn létí kí ìparí tó dé.